Ta Ló Ni Àlá? Àyẹ̀wò Àṣẹ Ìtumọ̀ Nínú Ìtàn Dora tí Sigmund Freud Kọ

1.0 Ìfáàrà

Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1900, ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún méjìdínlógún lọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan ní òpópónà Berggasse ní ìlú Vienna. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré ló lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, ó sọ fún oníṣègùn pé òun kò ní padà wá mọ́, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Sigmund Freud ni oníṣègùn náà. Inú oṣù kìíní ọdún 1901 ló kọ ìtàn ìwòsàn yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1905 ni ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó pe ọmọbìnrin náà ní Dora kí àwọn òǹkàwé má baà dá a mọ̀. Lónìí, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tí kò mọ̀ pé Ida Bauer ni orúkọ rẹ̀ gan-an, àti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Otto Bauer tó di aṣáájú òṣèlú ní orílẹ̀-èdè Austria. Àkọlé tí Freud fún iṣẹ́ náà fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò parí: àjákù ló pè é.

Irú ìwòsàn tí Freud ń ṣe, tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ìtúpalẹ̀ ọkàn, dúró lórí èrò kan pàtàkì. Èrò náà ni pé àwọn àìsàn kan wà tí a kò rí ìdí wọn nínú ara, nítorí pé ìdí wọn wà nínú ohun tí ènìyàn ti rì mọ́lẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ mọ́. Àlá, àṣìsọ ẹnu, àti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ láìṣà á ni ọ̀nà tí oníṣègùn ń gbà dé ibẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Orí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

Àpilẹ̀kọ yìí kò wá láti ṣe ìdájọ́ bóyá òtítọ́ ni ìmọ̀ náà tàbí irọ́. Ìbéèrè tó ń wá ìdáhùn sí ni ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè lọ́wọ́ ìwé èyíkéyìí tó bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: ta ló ní àṣẹ láti sọ pé ìtumọ̀ báyìí ni ìtumọ̀? Àwọn tó ti ṣe lámèyítọ́ ìtàn yìí ṣáájú kò kéré. Steven Marcus, ní ọdún 1974, kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn àròsọ ìgbàlódé tí asọ̀tàn rẹ̀ kò ṣe é gbára lé pátápátá. Hélène Cixous sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní ọdún 1976. Ní ọdún 1985, Charles Bernheimer àti Claire Kahane kó àwọn àròkọ jọ lórí rẹ̀, èyí tí púpọ̀ nínú wọn wo ipò obìnrin nínú rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fi kún un kò ju ẹyọ kan lọ: pé ìwé náà ṣe àṣeyọrí nínú wíwá ohun tó fara sin, ṣùgbọ́n ó kùnà nínú ìwòsàn, nítorí pé asọ̀tàn jókòó sórí àga alálàá; àti pé inú ìwé náà gan-an ni ẹ̀rí èyí wà.

2.0 Ìtàn náà ní ṣókí

Ọlọ́rọ̀ tó ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ni bàbá Dora. Nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ìlú kékeré kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá tọkọtaya kan ṣọ̀rẹ́, àwọn tí Freud pè ní Ọ̀gbẹ́ni K. àti Ìyáàfin K. Ìyáàfin K. ló ń tọ́jú bàbá yìí nínú àìsàn rẹ̀, nígbà tó sì yá, ìtọ́jú di àlè yíyàn. Dora náà fẹ́ràn ìyáàfin yìí, ó sì ń bá a mójú tó àwọn ọmọ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, Ọ̀gbẹ́ni K. ń fún Dora ní ẹ̀bùn, ó sì ń kọ lẹ́tà sí i.

Gẹ́gẹ́ bí Freud ti kọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Dora nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni K. dọ́gbọ́n kí ó lè ku òun àti ọmọ náà nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó rá a mú lójijì, tó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ìríra bá ọmọ náà, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì sá jáde. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin yìí kan náà kọ ẹnu ìfẹ́ sí i lẹ́bàá adágún omi kan. Dora gbá a létí. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀ kí ó lè sọ fún bàbá. Nígbà tí wọ́n bi Ọ̀gbẹ́ni K., ó ní irọ́ ni. Ó ní ìwé nípa ọ̀rọ̀ takọtabo ni ọmọ náà ń kà tó fi ń ro ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bàbá gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́, kò gba ọmọ rẹ̀ gbọ́.

Ikọ́ tí kò nídìí, ohùn tó ń pa mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti ìrẹ̀wẹ̀sì ni àìsàn Dora. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ rí lẹ́tà kan tó fi ń dágbére fún ayé, bàbá mú un lọ bá Freud, ó sì bẹ Freud pé kó bá òun dá orí ọmọ náà padà sọ́nà. Dora ní tirẹ̀ ní èrò kan tó dá a lójú: pé ńṣe ni wọ́n fi òun fún Ọ̀gbẹ́ni K. kí ó má baà bínú sí ohun tó wà láàárín ìyàwó rẹ̀ àti bàbá òun.

Ó yẹ kí á fún Freud ní ohun tó tọ́ sí i níbí. Òun ni àgbàlagbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí tó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bá adágún ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tó sì gbà pé òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn tí Dora fi kan bàbá rẹ̀. Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìtàn ìgbàlà ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n lójú Freud, ohun tí Dora mọ̀ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

3.0 Asọ̀tàn àti ipò rẹ̀

Láti ọdún 1895 ni Freud ti kíyè sí i pé àkọsílẹ̀ òun nípa àwọn aláìsàn ń dà bí ìtàn kúkúrú. Nínú ìtàn Dora, ọ̀kan náà ni asọ̀tàn, ẹ̀dá-ìtàn àti lámèyítọ́. Ẹnu rẹ̀ ni òǹkàwé ti ń gbọ́ ohun gbogbo tí Dora sọ. Ó jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn tí ìwòsàn ti dópin ni òun fi ọkàn rántí ọ̀rọ̀ náà tí òun sì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àlá méjèèjì nìkan ni òun kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé inú àlá nìkan ni ohùn Dora ti súnmọ́ òǹkàwé jù lọ. Ibòmíràn gbogbo, ohùn asọ̀tàn ló bò ó.

Freud fi ara rẹ̀ wé awalẹ̀pìtàn tó ń to àfọ́kù ère àtijọ́ pọ̀, tó sì ń sọ ibi tí ohun tó bá nílẹ̀ parí sí àti ibi tí àtúnṣe tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àfiwé tó dára ni, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé e dé òpin. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbá lójú ewé kan a máa di òótọ́ pọ́ńbélé ní ojú ewé mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, láìsí ohun tuntun tí aláìsàn sọ láàárín.

Ìṣẹ̀lẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Freud kọ ọ́ pé ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ara rẹ̀ dá ní nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ìdùnnú ara. Nítorí náà, ìríra tí Dora ní ti jẹ́ àmì àìsàn hìsìtíríà. Nínú àlàyé kan tó ṣe, ó fi kún un pé òun mọ Ọ̀gbẹ́ni K. fúnra òun, nítorí òun ló tẹ̀ lé bàbá Dora wá sọ́dọ̀ òun nígbà kan, àti pé ọkùnrin náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó sì dùn ún wò. Òǹkàwé tó bá dúró díẹ̀ níbí yóò rí i pé ẹni tó ń túmọ̀ ti mọ olùjẹ́jọ́, ó sì ti fi ojú rere wò ó. Àgbà tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ni Yorùbá ń pè ní àgbà òṣìkà. Freud gbọ́ ti Dora lóòótọ́, ju bí bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti mọ ohun tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

4.0 Àlá méjèèjì

Nínú àlá àkọ́kọ́, iná ń jó ilé. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Dora, ó sì jí i. Ìyá fẹ́ dúró mú àpótí ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí òun àti àwọn ọmọ òun méjèèjì jóná nítorí àpótí kan. Wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀, bí Dora sì ti dé ìta ló jí.

Iṣẹ́ tí Freud ṣe lórí àlá yìí kì í ṣe kékeré. Ó tọpa rẹ̀ dé ọjọ́ kan tí Dora jí lójú oorun ọ̀sán tó rí Ọ̀gbẹ́ni K. lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ yàrá tó wá tó sì pòórá, àti dé ọ̀dọ̀ àpótí olówó iyebíye kan tí Ọ̀gbẹ́ni K. fún un ní ẹ̀bùn. Ó gbà pé ọmọ náà ń pe bàbá rẹ̀ kó wá gba òun. Títí débí, ìtumọ̀ àti àlá ń rìn pọ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni Freud gbé ẹsẹ̀ tó yàtọ̀: ó ní ohun tí Dora ń sá fún gan-an ni ìfẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní sí Ọ̀gbẹ́ni K., àti pé ìfẹ́ àtijọ́ tó ní sí bàbá rẹ̀ ló jí dìde láti fi bo èyí mọ́lẹ̀.

Àlá náà gba ìtumọ̀ mìíràn, àfi bí asọ̀tàn ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bàbá inú àlá sọ gbólóhùn kan tí bàbá ojú ayé kò sọ rí: pé ẹ̀mí ọmọ òun ṣe pàtàkì ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Ní ojú ayé, bàbá yìí kan náà ti jẹ́ kí ọmọ jóná kí ohun tí òun fẹ́ràn má baà bọ́ lọ́wọ́ òun. Bí a bá kà á báyìí, kì í ṣe ìfẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni K. ló wà nísàlẹ̀ àlá náà, bí kò ṣe ẹjọ́ tí ọmọ ń pe bàbá, tí ó sì dá a fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí. Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé ìtumọ̀ yìí nìkan ló tọ̀nà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè yàn láàárín méjèèjì, ẹni náà sì kọ̀ láti gba ti Freud.

Nínú àlá kejì, Dora ń rìn ní ìlú àjèjì. Ó rí lẹ́tà ìyá rẹ̀ pé bàbá ti kú, kí ó máa bọ̀ bó bá fẹ́. Ó ń béèrè ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà, ìdáhùn tó sì ń gbà ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Nígbà tó délé, wọ́n ní àwọn yòókù ti lọ sí itẹ́ òkú. Lẹ́yìn tí Freud ti túmọ̀ àlá yìí títí, tó sì fi hàn pé inú òun dùn sí ibi tí àwọn bá a dé, Dora bi í léèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò jọ lójú, pé kí ni nǹkan ńlá tó ti ibẹ̀ jáde. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni ó fi òpin sí ìwòsàn. Nínú gbogbo ìwé náà, kò sí lámèyítọ́ tó ṣe ṣókí tó ìbéèrè yìí.

5.0 Rárá tó di bẹ́ẹ̀ ni

Dora kọ àwọn ìtumọ̀ Freud ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n Freud ti la ìlànà kan sílẹ̀: bí aláìsàn bá sọ pé rárá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ohun tó rì mọ́lẹ̀ hàn án, rárá náà kò ju ẹ̀rí pé ohun náà wà níbẹ̀ lọ, bí rárá náà bá ṣe le tó ni ohun náà ṣe rì jìnnà tó. Pẹ̀lú ìlànà yìí, ọ̀rọ̀ tí Dora lè fi jáde kúrò nínú ìtumọ̀ tán. Bó gbà, ó gbà. Bó kọ̀, ó gbà.

Freud gbọ́ ẹ̀sùn yìí nígbà ayé rẹ̀. Nínú àròkọ kan tó kọ ní ọdún 1937, ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn pàápàá kò tó láti fi ìtumọ̀ múlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí rárá rẹ̀ kò ti tó láti fi wó o. Ó ní ohun tó ń fi òtítọ́ hàn ni ohun tuntun tí aláìsàn bá sọ lẹ́yìn ìtumọ̀ náà. Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹ jẹ́ kí á fi ìwọ̀n tirẹ̀ yìí wọn ìtàn Dora.

Ní ìpàdé ìkẹyìn, Freud béèrè ìgbà tí Dora ti pinnu láti lọ. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Freud ní irú ìkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ méjì yìí jọ ti ọmọ ọ̀dọ̀ tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Dora sọ ohun tí kò tí ì sọ rí: pé obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ K. nílé ti sọ fún òun pé Ọ̀gbẹ́ni K. bá òun lò pọ̀, tó sì pa òun tì lẹ́yìn náà. Àti pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi tan obìnrin yìí, pé òun kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ìyàwó òun, ni ó tún fi tan Dora lẹ́bàá adágún. Pàṣán tí a fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Dora ti rí pàṣán náà lójú ara rẹ̀. Ohun tuntun tí Freud ní kí á máa wá nìyí. Ó sì fi ìdí tí ó fi gbá ọkùnrin náà létí hàn kedere.

Freud rí apá kan nínú rẹ̀: ó gbà pé ìbínú pé ọkùnrin náà ṣe òun bí ìránṣẹ́ ló mú un gbá a létí. Ṣùgbọ́n ó tún fi ìtumọ̀ mìíràn lé e, pé Dora ń retí pé kí Ọ̀gbẹ́ni K. padà wá, kí ó kọ ìyàwó rẹ̀, kí ó sì fẹ́ òun. Freud kọ ọ́ pé lọ́tẹ̀ yìí Dora kò jiyàn bó ti máa ń ṣe. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó dágbére tìfẹ́tìfẹ́, ó kí òun kú ọdún tuntun, kò sì padà wá mọ́. Ẹni tí rárá rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan kò ní ọ̀nà mìíràn láti sọ ọ́ mọ́ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

6.0 Àfiwé kan láti inú Ifá

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ó ṣeé ṣe rárá kí ẹnì kan bá ẹlòmíràn wá ohun tó fara sin láìjókòó sórí àga rẹ̀. Ìdáhùn kan wà nítòsí. William Bascom, tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1969 pé ẹni tó wá dífá kì í sábà sọ ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni yóò sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo yóò dá Ifá, odù kan nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta yóò jáde, yóò sì máa ki ẹsẹ̀ odù náà. Ẹni tó wá béèrè ni yóò mọ ẹsẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ òun mu. Ọ̀dọ̀ babaláwo ni ìmọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aláìsàn tàbí oníbéèrè ni ìdánimọ̀ wà.

Kò yẹ kí á fa àfiwé yìí kọjá ibi tó lè dé. Inú ọ̀rọ̀ tó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni Ifá ti ń mú ìdáhùn wá, kì í ṣe inú ohun tí oníbéèrè rì mọ́lẹ̀; ẹbọ ló sì ń parí rẹ̀. Freud pàápàá lè sọ pé ẹni tí a bá fún láyè láti yan ẹsẹ̀ yóò yan èyí tó dùn mọ́ ọn, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó korò ni oògùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹyọ ohun kan ni àfiwé yìí wà fún: ó fi hàn pé ẹni tó ní ìmọ̀ lè fi àṣẹ ìtumọ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ dín kù.

7.0 Ohun tí Freud rí lẹ́yìn

Bí ìwé yìí bá jẹ́ ti agbéraga lásán, kò ní yẹ fún àyẹ̀wò. Freud kọ ọ̀rọ̀ ìparí kan sí i tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ohun púpọ̀ nínú ìmọ̀ náà. Ó ní aláìsàn a máa mú ìfẹ́, ìfura tàbí ìbínú tó ní sí ẹlòmíràn, a sì gbé e kọ́ oníṣègùn lọ́rùn. Ó ní òun kò tètè kíyè sí i pé Dora ti rí bàbá rẹ̀ àti Ọ̀gbẹ́ni K. lára òun, àti pé ẹ̀san tó fẹ́ gbà lára ọkùnrin náà ló gbà lára òun. Ó tún jẹ́wọ́ pé òun kò tètè rí bí ìfẹ́ tí Dora ní sí Ìyáàfin K. ti jinlẹ̀ tó. Oníṣègùn tó tẹ ìkùnà ara rẹ̀ jáde kò wọ́pọ̀ ní ìgbà kankan.

Síbẹ̀, ohun kan ṣì sá mọ́ ọn lójú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1902, Dora padà wá béèrè ìrànlọ́wọ́. Ó ròyìn pé ní ọdún 1901, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ K. kú, òun lọ bá wọn kẹ́dùn. Níbẹ̀ ni ó ti sọ fún Ìyáàfin K. pé òun mọ ohun tó wà láàárín òun àti bàbá òun, ìyáàfin náà kò sì jiyàn. Níbẹ̀ náà ni Ọ̀gbẹ́ni K. ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bá adágún. Freud kò gbà á padà. Ó kọ ọ́ pé òun ṣèlérí láti dárí jì í nítorí pé kò jẹ́ kí òun ní ìtẹ́lọ́rùn wíwo àìsàn rẹ̀ sàn tegbòtigaga. Lójú asọ̀tàn, Dora ló jẹ gbèsè.

Erik Erikson ló tọ́ka sí i ní ọdún 1962 pé òtítọ́ tí Freud ń wá nínú ọkàn Dora àti òtítọ́ tí Dora ń wá kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí Dora ń wá wà lọ́wọ́ àwọn tó parọ́ mọ́ ọn, ó sì lọ gbà á níbẹ̀. Kò yẹ kí á sọ pé ìjẹ́wọ́ yìí wò ó sàn pátápátá. Ìròyìn tí oníṣègùn Felix Deutsch tẹ̀ jáde ní ọdún 1957, nípa ìgbà tó rí i ní ọdún 1922, fi hàn pé àìsàn kò fi í sílẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Freud fúnra rẹ̀, ìjẹ́wọ́ náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tí Dora fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìtàn Dora kò kùnà nítorí pé oníṣègùn wá ohun tó jinlẹ̀ jù. Ó kùnà nítorí pé ohun tó rí nísàlẹ̀ ni ó ń lò láti fi sọ ohun tó wà lókè di asán. Ìríra di ìfẹ́, rárá di bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ ọmọ sí bàbá di ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọmọ. Kò sí ìdí tí ìjìnlẹ̀ kan fi gbọ́dọ̀ pa ojú rẹ̀ run. Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn mọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé onítọ̀hún mọ ohun kan tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mú irinṣẹ́ Freud láti fi wo ẹ̀dá-ìtàn, òǹkọ̀wé tàbí alohùn, ó lè rí ohun tí ojú lásán kò rí. Ṣùgbọ́n bó bá mú irinṣẹ́ náà pẹ̀lú ìlànà tó sọ rárá di bẹ́ẹ̀ ni, kò sí iṣẹ́ kankan tí yóò lè já a nírọ́, ohun tí kò sì ṣeé já nírọ́ kò tíì di ìmọ̀. Iṣẹ́ tí a ń yẹ̀ wò kò ní ẹsẹ̀ bíi ti Dora. Kò lè dìde kúrò níwájú lámèyítọ́ kó sì máa lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí lámèyítọ́ túbọ̀ ṣọ́ra láti gbọ́ rárá rẹ̀.